Èkùrọ́ Méjì Tí Abíọ́nà Jù Sígbá

Ọkùnrin ará Íńdíà tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ata mi ní Rye Lane, ní Peckham nílùú òyìnbó, kì í rọra sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kódà bí kò bá sí fóònù, abúlé wọn á gbọ́ ọ. Bàbá Mírà ni mo ń pè é, torí Mírà ni àkọ́bí rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"Màmá, bọ́ọ̀sì kì í dé abúlé wa. Ìjọba ní a ò pọ̀ tó. Wọ́n fẹ́ wá kà wá lọ́la. Mírà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú oyún, ọsibítù jìnnà."

Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín. Ó wò mí bí ẹni tó rí wèrè. Kò mọ̀ pé Abà Olóbì, lọ́dọ̀ Ìyá àgbà, ìyá ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú mi padà sí.

Ẹ̀yin ọmọ tí bọ́ọ̀sì ń pẹ́ díẹ̀ ní Peckham tí ẹ ń pòṣé, ẹ wá gbọ́. Ní abà wa, ọ̀nà tóóró kan ló wà láàárín igi obì, tí ẹrẹ̀ rẹ̀ máa ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn bí olè. Oríta tó jìnnà ni mọ́tò ń dúró. Tó bá fun fèrè, afẹ́fẹ́ á gbé e dé ọ̀dọ̀ wa bí òórùn ẹran tí wọ́n ń dín nílé ẹlòmíràn.

Ọ̀rẹ́ mi Abíọ́nà, orúkọ rẹ̀ ti sọ ìtàn tán. Kẹ̀kẹ́ ni bàbá rẹ̀ fi ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù tí ọmọ fi dé sábẹ́ igi ọ̀pẹ kan. Gbogbo ìgbà tí bàbá yìí bá kọjá níbẹ̀ ló ń nàka sí ọ̀pẹ náà bí ẹni pé òun ló gbìn ín. Àmọ́ èyí tí wọ́n bí tẹ̀ lé e, ọ̀nà ni wọ́n bí òun náà sí, kò sì yè. Ìyá Abíọ́nà tún wá lóyún.

Ìgbà yẹn làwọn akọ̀wé ìjọba dé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kà wá; tí a bá pọ̀ tó, wọ́n á la ọ̀nà fún wa. Inú gbogbo wa dùn, àfìgbà tí wọ́n ní kí a kó ọmọdé jáde.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!" Ìyá àgbà ló pariwo bẹ́ẹ̀. Kíá, àwọn ìyá ti kó wa wọlé bí ẹni ń kó èlùbọ́ sá òjò.

"Ṣé arúgbó nìkan ló ń gbé ibí ni?" Akọ̀wé ló bi wọ́n. Ọmọ kan sín nínú yàrá. Àwọn àgbà ní ewúrẹ́ ni.

Wọ́n ti ń múra àtilọ nígbà tí Ìyá àgbà ṣàkíyèsí ìyá Abíọ́nà, tó fara ti ògiri, tó di ìbàdí mú. Ìyá àgbà rántí ọmọ tí kò yè. Ó lọ gbé igbá wá.

"Ẹ má ka ọmọ wa. Kí olúkúlùkù wọn ju èkùrọ́ kan sí i, kí ẹ ka èkùrọ́."

A tò, à ń jù ú, à ń ti ara wa. Ó kan Abíọ́nà, ó ju méjì.

"Ìwọ, ti ta ni èkejì?"

"Ti àbúrò mi ni, sà."

"Àbúrò ọ̀hún dà?"

Ó nàka sí ikùn ìyá rẹ̀. Akọ̀wé ní èyí kò tíì dáyé, kò sí nínú kíkà.

"Akọ̀wé," ni Ìyá àgbà wí, "tí ẹ bá la ọ̀nà yìí tán, ta lẹ rò pé ó máa kọ́kọ́ fi wọ mọ́tò?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Kò yọ èkùrọ́ náà kúrò.

Katakata dé, ó la ọ̀nà náà kí oyún tó pé. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni wọ́n bí àbúrò náà sí, ọmọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n. Abíọ́nà ti lọ bá Ọlọ́run ọba, àmọ́ àbúrò yìí ṣì ń fohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ó ń ṣàròyé pé ariwo ọ̀kadà ò jẹ́ kí òun sùn lábà. Mo ní kó gbẹ́nu sọ́hùn-ún. Ọ̀nà tó gbé mọ́tò wọlé náà ló gbé wa jáde, ó gbé èmi dé Peckham níbi tí mo ti ń bá oníbàárà fà á lórí owó ata. Ọ̀nà lè yí padà. Ọmọ tó ń bọ̀ ò yéé bọ̀.

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún Bàbá Mírà nìyẹn. Ó gbé fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ ariwo rẹ̀. Mi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú èdè wọn, ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ̀. Ó fi ya ikùn ńlá síwájú ara rẹ̀, ó sì na ìka kan sókè, bí ẹni ń sọ fún akọ̀wé pé kó fi ẹyọ kan kún un.