Ẹjọ́ Tí Wọn Ò Dá fún Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀

Etí sàréè àǹtí mi ni ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ́kọ́ yé mi. Alága wọn dúró nínú aṣọ funfun báláú, ó ní, “Nọ́ọ̀sì yìí ò sá fún iṣẹ́ rí.” Mo wo màmá mi. Màmá mi wo ilẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ló gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ tí a ń sin yìí, wọ́n ní ó sá fún iṣẹ́. Ọjọ́ a bá kú là á dère. Èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ làwọn aláìsàn ń pè é. Kò ní fọwọ́ kàn yín láìkọ́kọ́ ra àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ títí wọn á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ètò wọn dára púpọ̀ lójú ìwé. Nọ́ọ̀sì ni yóò máa ṣòfin fún nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ni yóò máa bá nọ́ọ̀sì wí, kí aláìsàn má baà jìyà. Ilé ẹ̀kọ́ òkè òkun ni mo ti kọ́ nípa irú ètò yìí, mo tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ sí i. Òfin wọn ní kí nọ́ọ̀sì má gba aláìsàn tó ju agbára rẹ̀ lọ. Àǹtí mi gbà wọ́n gbọ́. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn.

Mátírọ́ọ̀nù ní kó dá nìkan bójú tó wọ́ọ̀dù ọmọdé nísàlẹ̀ àti ti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

“Mà, bí ẹ bá máa gé mi sí méjì, ẹ jẹ́ kí apá tó ní ẹsẹ̀ wà lókè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ pọ̀.”

“Èmi lò ń bá ṣẹ̀fẹ̀?”

“Rárá, mà. Ẹ sáà wá ẹnì kejì fún mi.”

Mátírọ́ọ̀nù fẹjọ́ sun ìgbìmọ̀ pé ó sá fún iṣẹ́. Ta ló tún wà lára àwọn adájọ́? Mátírọ́ọ̀nù náà ni. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń ṣọ́ ẹ̀pà, òun náà ló ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀pà tó sọnù. Wọ́n gba ìwé àṣẹ àǹtí mi, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé ná títí wọn á fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, torí aláìsàn ni àwọn ń dáàbò bò. Lọ́wọ́ ta? Lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó béèrè ẹnì kejì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ náà, adájọ́ ò ní pé. Àǹtí mi ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣáá: “Wọ́n lè pè mí lọ́la.” Ẹ̀jẹ̀ ríru ló kọ́kọ́ pè é.

Lẹ́yìn ìsìnkú, màmá mi ní kí wọ́n wá parí ẹjọ́ náà.

“Màmá, a kì í bá òkú ṣẹjọ́,” ni alága wí.

“Ẹ lè yin òkú, ẹ ò wá lè dá òkú láre?”

Ni wọ́n bá ní àwọn á gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí gbọ̀ngàn wọn, bí a bá lè panu mọ́. Èmi ní ká kọ̀: kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà ní gbangba, kí mátírọ́ọ̀nù bọ́ sí ààyè ẹni tí wọ́n ń bi léèrè, kí aláìsàn wà lára adájọ́. Ó ti ń rẹ màmá mi. Ó ní ojú àbúrò òun lára ògiri sàn ju òfo lọ. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ̀ ń kà mí, ẹ gbà wá nímọ̀ràn: ṣé ká gba àwòrán ni, àbí ká di ẹjọ́ mú?