Ohùn Tó Ń Tọrọ Ìbò ní Pẹ́dírò

Òórùn yíǹkì ìtẹ̀wé ni Ṣómólú fi máa ń kí mi káàbọ̀ títí dòní. Bí mo bá ti yà wọlé láti Páàmùgúróòfù, tó ta sí mi nímú, ọdún ìbò yẹn ló ń padà sí mi lọ́kàn, nígbà tí wọ́n ń tẹ àwòrán ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jáde, tí a ń sá a sórí okùn bí aṣọ. Ṣọ́ọ̀bù oògùn òyìnbó ló ní ní Pẹ́dírò, ní Bàrígà níbí, kò bá òṣèlú tan rárá. Ọnọ́rébù tó ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló fà á wọ̀ ọ́. Bàbá náà ti lo sáà mẹ́ta, ó wá kéde pé òun ò lọ mọ́, pé ó ti rẹ òun. Bí ìjókòó yẹn ṣe ṣófo báyìí, olúkúlùkù ló ń sáré sí i. Bàbá jà fitafita títí ẹgbẹ́ fi fa ẹ̀gbọ́n mi kalẹ̀, ni inú bá bí àwọn àgbà ẹgbẹ́ tó ti ní ẹni tiwọn lọ́kàn, wọ́n káwọ́ gbera. Bàbá nìkan ló kù tó dúró tì wá.

Kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé òun ló yàn án, Bàbá wá sí pálọ̀ wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mu omi tútù, ó húkọ́ díẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sínú fóònù mi. Ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni o. Ṣé dáadáa lẹ wà?” Ó wá dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́ nípàdé, kí àwọn èèyàn lè ráyè dáhùn, kó tó ní, “Mo gbọ́ yín. Ẹ ṣeun.” Lẹ́yìn náà ló ní ọmọ òun rèé, kí ẹni tó bá fẹ́ràn òun dìbò fún un. A gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí bọ́ọ̀sì, èmi jókòó ti dírẹ́bà, ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn tó ń juwọ́, a sì ń gbé ohùn náà káàkiri Bàrígà. Ó dùn mọ́ àwọn èèyàn gan-an. Bó bá ti béèrè, àwọn télọ̀ àtàwọn ọmọdé á pariwo pé dáadáa làwọn wà, ohùn náà á ní òun gbọ́, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ìbò ku díẹ̀ ni Bàbá sùn tí kò jí mọ́. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, bí ìlànà mùsùlùmí. Mo sunkún bí ẹni pé bàbá tèmi ni. Àmọ́ alága ìpolongo wa ní a ò gbọdọ̀ pa ohùn náà, pé bí a bá pa á, ta ló mọ ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ti fẹ́ ìjókòó yẹn dé ibi tí mi ò mọ̀ pé ó lè fẹ́ nǹkan dé.

Ọyẹ́ ń mú lọ́sàn-án tí a tún jáde, eruku bo oòrùn lójú. Ìwọ náà mọ ohun tí àwọn ìyá wa fi ń kìlọ̀ fún wa ní kékeré, pé bí òkú bá pe èèyàn, èèyàn kì í jẹ́. Ohun tí gbogbo Bàrígà rántí nìyẹn. Bí bọ́ọ̀sì wa bá ti yọ, àwọn ìyá á fa ọmọ wọlé, àwọn télọ̀ á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ohùn Bàbá á béèrè bóyá dáadáa la wà. Gbogbo àdúgbò á pa lọ́lọ́. Ohùn náà á wá ní, “Mo gbọ́ yín. Ẹ ṣeun.” Dírẹ́bà wò mí, ó rọra sọ pé, “Bùròdá, ta ni wọ́n gbọ́?”

A ò rántí pé ọ̀nà wa máa gba iwájú ilé Bàbá. Ohùn náà béèrè ìbéèrè rẹ̀, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́, àfi bí obìnrin kan ṣe dáhùn láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, tí kò tilẹ̀ gbóhùn sókè:

“Rárá o. A ò wà dáadáa.”

“Mo gbọ́ yín,” ni ohùn orí bọ́ọ̀sì wí. “Ẹ ṣeun.”

Dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sílẹ̀, mo tẹ̀ lé e wọlé. Ìyàwó Bàbá ló dáhùn, ó wà nínú opó, kò lè jáde. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ó máa lé wa jáde ni, àmọ́ ìyá náà kò bínú. Ó ní ẹnu òun ló ṣèèṣì dáhùn, pé ọjọ́ pẹ́ tí òun ti máa ń dá a lóhùn. Ó wá wo ẹ̀gbọ́n mi títí.

“Òun ti sọ tiẹ̀ tán. Ìwọ ńkọ́? Látìgbà tẹ́ ẹ ti ń pariwo kiri, mi ò tíì gbọ́ ohùn tìẹ.”

Ìgbà tí a padà dé inú bọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi ní kí n pa ohùn Bàbá. Mo rán an létí ohun tí alága sọ, ó ní òun mọ̀. Ó gba máìkì, ó ní, “Ẹ kú ọ̀sán o. Èmi tí mò ń ta oògùn fún yín ni. Ẹ̀rù ń bà mí, àmọ́ èmi fúnra mi ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀.” Ó pẹ́ díẹ̀ kí fèrèsé kan tó ṣí, ni obìnrin kan bá yọrí, ó ní kó kọ́kọ́ sọ ohun tó máa ṣe sí gọ́tà tó ń rùn yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi fìdí rẹmi nínú ìbò náà, ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó ń sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Mo bi í bóyá kò kábàámọ̀ pé ó pa ohùn yẹn, nígbà tó ṣeé ṣe kó gbé e wọlé. Ó ń to oògùn lọ, kò wojú mi.

“Ká ní mo wọlé, ta ni ì bá jókòó síbẹ̀, èmi àbí òun?”

Nísinsìnyí, bí mo bá gbọ́ pé aṣòfin kan ò lọ mọ́, tí wọ́n ń pariwo pé ìjókòó ti ṣófo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn, tí mo fi ń bi ara mi bóyá ẹnikẹ́ni ti dìde kúrò níbẹ̀ lóòótọ́.