Ènìyàn Mẹ́ta Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Gàníyù

Orúnkún mi ló yẹ kí Raheem kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ̀ kó tó rán mi níṣẹ́ náà. Láti ilé wa ní Ìgándò dé Ẹ̀gbẹ́dá kò jìnnà fún ẹni tó lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọdún 2014, mo ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ẹsẹ̀ méjèèjì tí mo ní kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Raheem ni àkọ́bí mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Hamdalah, tó ń ṣiṣẹ́ tíṣà, ló sọ fún wa pé òun ti rí ọkùnrin tí òun máa fẹ́. Abdulganiyy lorúkọ ọkùnrin náà, gbogbo ayé ń pè é ní Gàníyù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ẹ̀rọ fọtokọ́pì ló ń tún ṣe. Nínú ẹbí tiwa, a kì í fún ọkùnrin lọ́mọ láìjẹ́ pé àgbà kan ti kọ́kọ́ lọ wádìí rẹ̀: ṣé wèrè ò sí nínú ìran wọn, ṣé kì í lu èèyàn, ṣé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àgbà tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń rán. Èmi nìyẹn.

"Bàbá," Raheem dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, "mo gbọ́ pé ọmọkùnrin yẹn ń ṣe géèmù. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, géèmù! Ẹ bá mi wò ó bóyá orí ẹ̀ pé. Tó bá jẹ́ pé kò pé, mi ò ní gbà, kí Hamdalah sunkún títí. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ bá rí gan-an ni kí ẹ wá sọ. Ẹ má bu iyọ̀ sí i o."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà. Erinmi tí ẹ ní ó gbé yín kọjá odò, a ò tíì gbàgbé o."

Erinmi gbé mi kọjá odò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Mo dọ́gbọ́n sí i. Mo dé fìlà mi aláwọ̀ ewé, mo mú ọ̀pá, mo lọ bí ẹni tó ń wá yàrá. Ilé tí Gàníyù ń gbé wà nínú àdúgbò kan lẹ́yìn ọ̀nà Ìdímù, yàrá mẹ́jọ tó kọjú síra wọn, ẹ̀rọ omi kan ní àgbàlá. Onílé, Sìdíkátù, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo bèèrè yàrá, ó ní ọ̀kan ṣófo. Mo bèèrè irú èèyàn tó ń gbé nínú ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n fún mi, títí ó fi kan Gàníyù.

"Ìyẹn? Kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ti ń jáde kí àkùkọ tó kọ. Tó bá fi máa dé, agbára wo ló kù tó máa fi jà? Àwọn tó ń bá gbé ló ń kọ mí lóminú."

"Àwọn wo nìyẹn?"

"Àwọn inú kọ̀ǹpútà ẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n. Apààyàn kan, olè kan, ìyá arúgbó kan. Mo máa ń rí wọn láti ojú fèrèsé."

Ẹ̀rù bà mí débi pé fìlà gbéra kúrò lórí mi, mo fi ọwọ́ mú un padà.

Ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ni Gàníyù ti wọlé, àpò irinṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ti wálẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá tí kò tíì gbẹ. Ẹnìkan ti fi ẹ̀rọ omi sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó ń kán tó, tó, tó. Gàníyù yà, ó tì í pa, kó tó wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà tó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Mo rò ó nínú ara mi pé ìdọ̀bálẹ̀ yìí ti pọ̀ jù fún arúgbó tó kàn ń wá yàrá. Ṣùgbọ́n mo ní ó dáa, wọ́n tọ́ ọ.

"Ọmọ mi, yàrá tí mo fẹ́ gbà yìí, ṣé kì í jò?"

"Ó ń jò, Bàbá. Ẹ má gbà á."

"Gàníyù!" Sìdíkátù ti àwo ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣé bàbá ẹ ló bá mi kọ́lé yìí ni?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Mo wo orúnkún wọn ni. Kò ní lè gba òtútù."

Mo lọ sílé lọ́jọ́ náà, mi ò tíì jábọ̀ fún Raheem. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo tún padà wá. Mo ní mo fẹ́ tún òrùlé náà wò. Sìdíkátù kò dá mi lóhùn. Gàníyù ló ní kí n wọlé wá jókòó kí òòrùn rọ̀.

Yàrá kan ni. Bẹ́ẹ̀dì, fáànù, àga méjì, kọ̀ǹpútà lórí tábìlì. Òun ló to kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀: ojú rẹ̀ wá láti ọ́fíìsì kan tó fẹ́ jù ú nù, inú rẹ̀ wá láti ilé ẹ̀kọ́ kan, àwọn bọ́tìnì rẹ̀ kò bá ara wọn mu. Ìyẹ̀fun dúdú tí ẹ̀rọ fọtokọ́pì fi ń tẹ̀wé ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀, kò sí ọṣẹ tó lè yọ ọ́. Ó ní tí òun bá wúkọ́, dúdú ló ń jáde. Àsìkò ìdánwò ni, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló ń tẹ ìbéèrè, gbogbo ẹ̀rọ wọn ló sì yàn láti bàjẹ́ lọ́sẹ̀ kan náà. Òní Shasha, ọ̀la Abúlé Ẹ̀gbá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí kò ti sinmi. Ọjọ́ Àìkú yẹn gan-an, ó ti lọ tún ọ̀kan ṣe láàárọ̀.

"Wọ́n ní ìwọ àti àwọn mẹ́ta kan lẹ jọ ń gbé," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé òpin. "Ìyá onílé ti sọ fún yín. Ẹ sún mọ́ ibí, Bàbá. Ẹ wá wò wọ́n."

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí. Géèmù náà pín sí mẹ́ta, èkíní jáde, ọdún kọjá, èkejì jáde, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta. Ilẹ̀ iwin àti àǹjọ̀nú kan náà ni gbogbo wọn. Ìwọ fúnra rẹ lo máa dá ẹni tí wàá máa fi rìn nínú rẹ̀: wàá yan ojú fún un, wàá yan iṣẹ́, wàá sọ ọ́ lórúkọ. Bí ó bá ti ń lọ, àwọn èèyàn á máa dá a dúró, wọ́n á máa bi í ní ìbéèrè, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́. Ìwọ lo máa yan ohun tó máa ṣe. Ohun tí o bá ti yàn, géèmù kò ní gbàgbé.

Ẹni àkọ́kọ́ ń jẹ́ Àkàndé, oríkì Gàníyù fúnra rẹ̀. Ọdún 2004 ló dá a, nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Áà, ẹ wá wo Àkàndé! Àáké ọwọ́ rẹ̀ ga jù ú lọ. Ẹni bá kí i, àáké. Ẹni ò kí i, àáké. Abúlé kan kò fún un lómi, ó dáná sun abúlé.

"Kí ni wọ́n ṣe ọ́?" mo bi í.

"Wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan, Bàbá. Bàbá mi ṣì wà láyé nígbà yẹn. Mo rò pé tí n bá ti jáde ilé ìwé, ilẹ̀kùn á kàn máa ṣí. Èyí tí kò bá ṣí, kí n fọ́ ọ."

Ó tẹ nǹkan kan, ẹnì kejì yọ. Èyí kò lórúkọ. Ọdún 2009 ni, bàbá Gàníyù ti kú, ó ti wáṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, kò rí. Ó kàn tẹ lẹ́tà tí ìka rẹ̀ bá ti bà síbi orúkọ. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni, tó ń yọ nǹkan lápò olóńgbò àti èèyàn. (Mo rí olóńgbò tó lápò lójú ara mi.) Ọkùnrin arọ kan ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣí àgádágodo, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń sá. Lọ́jọ́ kan wọ́n lé wọn dé orí afárá. Arọ kò lè sáré.

"Géèmù bi mí bóyá kí n padà," Gàníyù ní. "Mi ò padà."

"Nínú géèmù ni, àbí?"

Ó yí àga rẹ̀ kọjú sí mi.

"Nínú géèmù ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, Tòún àbúrò mi ń pè mí láti ilé. Ara ìyá mi ò yá. Mi ò níṣẹ́, mi ò ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, mi ò gbé fóònù. Oṣù mẹ́ta, Bàbá. Mo ń wo fóònù, ó ń dún, mi ò gbé e."

Mo fẹ́ fi àwàdà kan bò ó, èyí tí mo rí kò bá a mu. 

Ẹnì kẹta, Àṣàkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Oríkì ìyá Gàníyù ni. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń bá a rìn. Ìyá arúgbó ni, kò ní idà, ewé ló ń já, aláìsàn ló ń wò. Wọ́n ní ó lè gun ẹṣin. Kì í gùn ún, ẹrù àwọn ẹlòmíràn ló dì lé ẹṣin náà. Èèyàn márùn-ún ló ń tẹ̀ lé e kiri. Tòótọ́ ni mo sọ fún yín, ẹsẹ̀ wúrúwúrú tí obìnrin yẹn ń fà, mo mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ tèmi ni.

Mo ní kó tún mú wọn padà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ojú àgbà wò wọ́n. Kò sí ibi tí Àkàndé àti Àṣàkẹ́ ti jọra, ẹ kò ní pe wọ́n ní ará ìlú kan. Èyí olè tilẹ̀ kórìíra àwọn méjèèjì, mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà. Àkàndé wọ ilé onílé, ó fọ́ àpótí, ó jáde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Olè jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé. Àṣàkẹ́ náà.

"Ṣé dandan ni kí wọ́n máa pa ilẹ̀kùn dé ni?"

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ká nǹkan mọ́ lọ́wọ́. "Rárá o. Géèmù ò bìkítà. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo máa ń ṣe é."

Mo rántí ẹ̀rọ omi àgbàlá.

Àṣàkẹ́ ní ilé kékeré kan létí odò, bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ dáadáa. Mo bèèrè ìgbà tó máa ń sùn.

"Kì í sùn, Bàbá. Tó bá sùn, ilẹ̀ á mọ́, àwọn kan lára àwọn tó ń wò lè ti kú."

"Láti ọdún kan?"

"Láti ọdún kan."

"Gàníyù, jẹ́ kí ìyá yẹn dùbúlẹ̀ jàre."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnì fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ẹ́. Àṣàkẹ́ wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó yí sórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú díẹ̀díẹ̀. Àwa méjèèjì ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Nígbà tí mo yíjú sí ọmọkùnrin náà láti sọ̀rọ̀, àgbọ̀n rẹ̀ ti kan àyà. Ó ti sùn. Wọ́n mú iná lọ, fáànù rọra dúró, kò mọ̀. Mo jókòó tì í, mo fi fìlà mi fẹ́ ẹ. Kí n sòótọ́, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn.

Ìró ọ̀pá mi ló jí i nígbà tí mò ń dìde. Ó já sílẹ̀ láti orí àga, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ẹ dákun. Ẹ bá mi kí Hamdalah."

Mo dúró gbọn-in. "Hamdalah wo?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀ yín, sà. Fọ́tò yín wà lórí fóònù rẹ̀. Fìlà yìí náà lẹ dé."

Nínú kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ padà sí Ìgándò, mo ti ń hun ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún Raheem. Mo ní ajá wèrè kan fò mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, Gàníyù fi ọwọ́ lásán mú un. Ìtàn náà dára, ajá náà tóbi tó ọmọ màlúù. Mo mọ̀ pé tí n bá sọ ti oorun yẹn, ọ̀rọ̀ Gàníyù lè bàjẹ́: ta ni yóò sùn níwájú àna, tí àna wá wádìí ìwà rẹ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa gun àtẹ̀gùn ilé wa tán, ó ti rẹ̀ mí. Irọ́ gba agbára, ẹ̀yin ọmọ mi. Agbára ajá yẹn kò sí lára mi mọ́.

Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀. Àáké, afárá, oṣù mẹ́ta tí kò gbé fóònù, ìyá tí kì í sùn. Hamdalah wà lẹ́yìn kọ́tìnì, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ó sùn?" Raheem ní. "Níwájú yín? Tó sì mọ̀ yín?"

"Ó sùn."

"Ìyẹn ni pé kò kà wá sí."

"Raheem, ó mọ ẹni tí mo jẹ́, ó sì mọ ohun tí mo wá ṣe. Kò sẹ́ni tó ní kó fi olè yẹn hàn mí. Ó lè fi ìyá arúgbó nìkan hàn mí, kí n máa yìn ín bọ̀ wálé. Ẹni tó ń ṣe ojú ayé fún àna kò lè ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, kó tó mọ ọmọ rẹ. Orí rẹ̀ pé. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni."

Raheem fọwọ́ ra ojú. Òun náà ń jáde kí àkùkọ tó kọ. Mi ò mọ ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn tó sùn lọ́sàn-án.

Kọ́tìnì ṣí. "Bàbá àgbà," Hamdalah ní, "ṣé ó hanrun?"

"Bí ẹ̀rọ ìlọta."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Tí mo bá ní kó sùn díẹ̀, kì í gbà. Á ní tí òun bá sùn, ta ló máa gbé fóònù tí àwọn Tòún bá pè?"

Bàbá rẹ̀ yíjú sí i. "Sọ fún un kó mú àwọn èèyàn ẹ̀ wá. Kó dúró kí ìdánwò parí ná. Kó kọ́kọ́ sùn." Ó wá kọjú sí mi. "Bàbá, òótọ́ ni gbogbo èyí ṣá? Ẹ ò bu nǹkan kan sí i?"

"Àyàfi olóńgbò tó lápò," mo ní.

Mo wọ yàrá mi, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí bẹ́ẹ̀dì.