Irin Abẹ́ Àga Awakọ̀

Ní bárékè náà, kò sí ohun tó ń wọ inú hẹlikọ́pítà tí kò kọ́kọ́ gorí òṣùwọ̀n. Sọ́jà ń gùn ún, ìbọn ń gùn ún, kódà àpótí oògùn dókítà ń gùn ún, bí wọ́n bá ń lọ àti bí wọ́n bá ń bọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ òṣùwọ̀n ọ̀hún ni ọ̀gá jórinjórin tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Òṣùwọ̀n, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́, tí kì í sì í rẹ́rìn-ín nílé. Ohun tí wọ́n bá fi kún ọkọ̀ tàbí tí wọ́n bá yọ, inú ìwé ńlá kan ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Bàbá Òṣùwọ̀n á wá kà á láti òkè délẹ̀, á fọwọ́ sí i. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti wà lẹ́nu ẹ̀, kò tíì fọwọ́ sí ohun tí kò kà rí. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, orí òṣùwọ̀n yìí náà ló gbé ọmọ lé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kílò mẹ́ta, ó sì fọwọ́ sí i.

Ọmọ ọ̀hún ló dàgbà tó di awakọ̀ hẹlikọ́pítà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gbé àwọn sọ́jà àkànṣe lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mọ̀, kó sì tún lọ kó wọn bọ̀. Inú bàbá rẹ̀ ò dùn sí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í.

Ọ̀pá èéfín ló wà níkàáwọ́ bàbá. Àwọn ọ̀tá ní ọta kan tó ń tọ ooru lẹ́yìn bí ajá ṣe ń tọ ẹran, ẹnu ọ̀pá èéfín sì ni hẹlikọ́pítà ti ń gbóná jù. Bàbá Òṣùwọ̀n wá fi irin pẹlẹbẹ ṣe ìbòrí kan tó ń darí èéfín sókè, tó sì ń po atẹ́gùn tútù mọ́ ọn kó tó jáde. Iṣẹ́ náà dáa. Àmọ́ ó tẹ̀wọ̀n kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, kì í sì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí dáadáa. Ọ̀rọ̀ wá di ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bí wọ́n bá dè é, ọta ò ní rí ọkọ̀, ọkọ̀ ò sì ní lè gbé ẹrù tó. Bí wọ́n bá tú u, ọkọ̀ á gbẹ́rù, ọta á sì rí i kedere.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá àgbà pe bàbá àti ọmọ. Sọ́jà mẹ́jọ wà lórí òkè kan, ọ̀sán Ẹtì ni kí wọ́n lọ kó wọn, nígbà tí oòrùn bá mú, tí atẹ́gùn ò ní gbé ọkọ̀ dáadáa.

"Pẹ̀lú ìbòrí yìí, méje ló máa gbé," ni ọ̀gá wí. "Bàbá, ẹ tú u."

"Tá a bá tú u, ó lè má gbé ẹnì kankan dé ilé."

Ọmọ rẹ̀ wò ó lójú. "Bàbá, nínú àwọn mẹ́jọ, èwo ni kí n fi sílẹ̀?"

Bàbá Òṣùwọ̀n yíjú sí ọ̀gá. Ó ní kí wọ́n fún òun dọjọ́ Ẹtì, òun á wá kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin níbòmíràn.

Ó tú ilẹ̀kùn méjèèjì. Ó tú àga ẹ̀yìn, ó ní kí àwọn sọ́jà jókòó sílẹ̀, ṣebí orí òkúta ni wọ́n ń sùn látọjọ́ yìí. Ó yọ àpótí irinṣẹ́, ó yọ kápẹ́ẹ̀tì. Ó ha ọ̀dà inú ọkọ̀ kúrò, ó gbá a jọ sínú ike, ó wọ̀n ọ́n: kílò méjì. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ti rí àádọ́rin. Mẹ́rìnlá ló kù, mẹ́rìnlá ò sì yọjú. Kò lè jẹun. Ẹ̀rù ń bà á gidi, kò sì fi pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀.

Láàárọ̀ Ẹtì, ọmọ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Ó na ìwé sí i.

"Bàbá, ó ti pé."

Ó wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé: mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ayọ̀ ò jẹ́ kó wo òkè. Ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́, ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní ìṣirò. Ó fọwọ́ sí i.

Ọkọ̀ ti lọ tó wákàtí kan kó tó tún ìwé náà ṣí, torí pé kò rí nǹkan mìíràn ṣe. Ohun tó wà ní ìlà tó kẹ́yìn ni: irin abẹ́ àga awakọ̀, a yọ ọ́, kílò mẹ́rìnlá. Òun ló rọ irin náà, kí ọta ìbọn má baà gba abẹ́ ba ọmọ rẹ̀. Irin ọ̀hún wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́, ó fẹ̀yìn ti ògiri jẹ́ẹ́jẹ́. Ó gbé e sórí òṣùwọ̀n: mẹ́rìnlá géérégé. Ọmọ náà ò purọ́. Ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, bàbá rẹ̀ ló sì fọwọ́ sí i.

Ó gbé irin sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sórí òṣùwọ̀n, ó ń sunkún. Bá a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó rí i pé òun ti fi kílò mẹ́ta dín láti ọjọ́ Ajé.

Ní aago mẹ́ta, hẹlikọ́pítà balẹ̀. Ó ka àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀: mẹ́jọ. Ọmọ rẹ̀ ló kẹ́yìn, ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

"Ẹ ti kà á," ló wí nígbà tó rí ojú bàbá rẹ̀.

"Ká ní mo kà á ni, mi ò ní fọwọ́ sí i."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ má bínú."

Sọ́jà kẹjọ wá dúró níwájú wọn, ẹni tó ń gbé rédíò, tí ipò rẹ̀ kéré jù. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé òun ni wọn ì bá fi sílẹ̀.

"Bàbá, ṣé kí n gorí ẹ̀?"

Ó gun òṣùwọ̀n: kílò mọ́kànléláàádọ́rin. Bàbá Òṣùwọ̀n kọ ọ́, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló lọ sídìí ilẹ̀kùn.

"Wá dì í mú lápá ibí," ló wí fún ọmọ rẹ̀. "Ká dá a padà sábẹ́ rẹ. Lọ́la, ara ìbòrí ni mo ti máa gé mẹ́rìnlá yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ eyín ni màá fi gé e."

Irin kílò mẹ́rìnlá ni, ẹnì kan lè gbé e. Àwọn méjèèjì ló gbé e.