Ọ̀pá Tí Mo Pè Ní Ọ̀pá Omi

Irọ́ tí mo pa fún ìyá mi kò gùn rárá. Mo ní, "Omi ni, Màmá." Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, ẹ̀rù rẹ̀ ò tíì kúrò lára mi.

Láàárín àwọn ọdún 1980 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí mi, Fẹ́sítáàkì la sì ń gbé, ní ìpẹ̀kun àwọn ilé tó kọjú sí ọ̀nà Abúlé Adó. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Màmá wá láti ìlú wa láti bá mi wẹ ọmọ. Nígbà tí ìsinmi ìbímọ mi parí, tí mo ní láti padà sẹ́nu iṣẹ́ títẹ̀wé, àwọn nìkan ni mo ní tí mo lè gbọ́mọ fún.

Lẹ́yìn ilé wa, ilẹ̀ gbọọrọ kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ́lé sí. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pá epo gbà kọjá. Àwọn kan ládùúgbò ní epo rọ̀bì ló wà nínú ẹ̀, pé ìjọba ń fi ránṣẹ́ sí àwọn aládùúgbò wa lódìkejì ẹnubodè, lọ́nà Kútọnu. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, epo mọ́tò tiwa ni. N ò wádìí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn òpó kúkúrú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí lára lédè òyìnbó, Màmá ò sì mọ̀wé.

Ojú àgbẹ̀ ni wọ́n fi wo ilẹ̀ yẹn. Wọ́n ní, "Irú ilẹ̀ báyìí, ẹ wá fi sílẹ̀ fún koríko? Kí ló wà níbẹ̀?"

Èkó ti ń ba Màmá lẹ́rù tẹ́lẹ̀. Mọ́tò ń bà wọ́n lẹ́rù, àtẹ̀gùn ilé wa ń bà wọ́n lẹ́rù. Mo mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ epo pẹ́nrẹ́n, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò ní í mọ́ bá wọn lọ́dọ̀ mi. Mo ní ọ̀pá omi ni wọ́n rì síbẹ̀. Inú wọn dùn. Wọ́n ní ilẹ̀ tó lómi nísàlẹ̀ á dáa fún ẹ̀fọ́.

Bí ẹni tó wá wẹ ọmọ ṣe di olóko nìyẹn. Àwọn mìíràn náà ń gbin nǹkan síbẹ̀, ṣùgbọ́n koríko tí wọ́n bá ro, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń kó o dà sí. Ní ìlú wa ńkọ́? Ẹni tó bá ṣán igbó tí kò sun ún, ọ̀lẹ là ń pè é. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ o. Ọkàn mi ò kàn lọ síbẹ̀ ni, èmi ọ̀mọ̀wé!

Ọyẹ́ mú lọ́dún náà, ọ̀fìnkìn sì dí Màmá nímú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń lọ síbi iṣẹ́, mo gbọ́ òórùn epo láti ìhà ilẹ̀ yẹn. Mo rò pé tańkà kan ló ń jò lójú títì, mo wọ bọ́ọ̀sì ní tèmi. Lọ́fíìsì, ọmú mi kún títí ó fi ń jò sára bíláòsì. Ọ̀gá mi ṣàánú mi, ó ní kí n máa lọ.

Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ni mo délé. Obìnrin ìsàlẹ̀ ilé wa tó ń sá aṣọ kí mi. "Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Màmá ti lọ sóko o, wọ́n pọn bébì."

Mo wọlé lọ mumi. Ibi tí ìṣáná máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, òfo ni. Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí Màmá sọ nígbà tí à ń jẹun lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú: "Koríko mi ti gbẹ."

N ò ti ilẹ̀kùn. Bàtà mi kan bọ́ sí gọ́tà, mo fi í sílẹ̀. Bí mo ṣe ń sáré ni mò ń fetí sílẹ̀ de ìró kan, tí mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí n má gbọ́ ọ. N ò mọ irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ rí, n ò sì tíì tún mọ irú ẹ̀ láti ìgbà náà.

Mo rí wọn lókèèrè. Wọ́n lóṣòó ti òkìtì koríko, ọmọ mi ń sùn lẹ́yìn wọn. Níwájú, kò tó ogún ìṣísẹ̀ sí wọn, ilẹ̀ rin gbindin, ó ń dán. Òórùn ibẹ̀ ń ta mí lójú. Mo rí ọwọ́ wọn tó lọ tó bọ̀, mo rí iná bíńtín, atẹ́gùn sì pa á. Wọ́n tún fa ìṣáná mìíràn yọ.

"Màmá! Ẹ má ṣá a! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣá a!"

Wọ́n gbójú sókè. "Kí ló dé? Ọ̀pá omi yín ló bẹ́, ó fẹ́ ba koríko mi jẹ́. Mo ti ṣá mẹ́ta, atẹ́gùn ò jẹ́ kó ràn."

Mo já ìṣáná gbà. "Kì í ṣomi. Epo ni, Màmá. Epo ni látìbẹ̀rẹ̀."

Wọ́n lọ ti ìka bọ ilẹ̀ náà, wọ́n gbé e símú, imú ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n fi kan ahọ́n. Wọ́n tutọ́. Wọ́n tú ọmọ lẹ́yìn, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"O sì jẹ́ kí n máa pọn ọmọ rẹ wá síbí."

Mo figbe ta kiri àdúgbò kí ẹnikẹ́ni má dáná. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú ọ̀pá dé kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n dí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá di ẹrù wọn. Ohun tí mo purọ́ kó má bàa ṣẹlẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀.

Wọ́n dárí jì mí. Àwọn náà ló wẹ ọmọ mi kejì, nílùú wa, kì í ṣe l'Ékòó. Ṣùgbọ́n títí wọ́n fi kú, bí mo bá bu omi fún wọn, wọ́n á kọ́kọ́ gbé ife náà símú.