Nígbà Tí Dísíkẹ́ẹ̀tì Kan Ṣoṣo Tó

Ọláṣẹ̀hìndé kì í náwó tí kò nídìí. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, tó ń tẹ táípù nílé iṣẹ́ kan l'Ékòó, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra mọ́tò. Òun ra páànù, ó kọ́lé sí Òmù-Àrán. Nígbà tí nǹkan wá le, tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, kọ̀ǹpútà méjì ni wọ́n fún un dípò owó ìdádúró. Ó gbé ọ̀kan wálé, ó fi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Èkejì wà l'Ékòó lọ́dọ̀ Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀, ìyá Ọládayọ̀, tí iṣẹ́ tíṣà kò tíì jẹ́ kó kúrò níbẹ̀.

Bí àgbàlagbà bá kú ní Ẹ̀sìẹ́ tàbí Òrò-Àgọ́, ọ̀dọ̀ Ọláṣẹ̀hìndé ni ẹbí ń mú ìtàn ìgbésí ayé olóògbé wá fún títẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó á wá lọ bá Àyìnkẹ́, wọn á ní kó yọ orúkọ kan, kó fi oyè kan kún un, kó tó tẹ ìwé ìsìnkú jáde. Nítorí náà, ohun tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà kan gbọ́dọ̀ wà nínú èkejì. Bí ọ̀kan bá sì bàjẹ́, iṣẹ́ kò ní ṣègbé.

Lópin oṣù, Àyìnkẹ́ á kó dísíkẹ́ẹ̀tì kún báàgì, àwọn ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ń da iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà kọ sí, á sì wọkọ̀ wálé. Gbogbo fáìlì pátá ni wọ́n ń dà kọ, àtijọ́ àtuntun. Bí iná bá lọ, wọn á dúró dè é. Àyìnkẹ́ á bọ́ bàtà, á nasẹ̀ sórí àga, á máa sín ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀ jẹ títí ẹ̀rín á fi gba ẹnu ọkọ rẹ̀. Síbẹ̀ Ọláṣẹ̀hìndé kò ní yé ráhùn: "Iṣẹ́ ọjọ́ kan rèé tó di ọjọ́ mẹ́ta."

Lọ́dún tí epo bẹntiróòlù di ohun à ń tò fún, owó ọkọ̀ fò sókè. Ọláṣẹ̀hìndé jókòó, ó ṣírò. Kọ̀ǹpútà a máa kọ ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kan fáìlì gbẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Kí ló wá dé tí àwọn fi ń da èyí tí kò yí padà kọ? Èyí tó yí padà nìkan ni kí wọ́n máa mú. Ó dán an wò: dísíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo gbà á, àyè tún ṣẹ́ kù. Kò di dandan kí Àyìnkẹ́ máa wá mọ́. Abdulrasaq, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Èkó, á máa gbé e lọ, á máa gbé e bọ̀.

Inú rẹ̀ dùn gan-an. Iṣẹ́ ń lọ geere, owó ọkọ̀ ń dúró sápò. Àmọ́ nígbà tó di oṣù kẹrin, bí mọ́tò bá ti rọra dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, á ti dìde kó tó rántí pé kò sẹ́ni tí òun ń retí. Ó ń gbé àga kejì sún mọ́ tábìlì láràárọ̀, kò sẹ́ni tó ń jókòó lórí rẹ̀.

"Abdulrasaq, ìyá Dayọ̀ kò fún ọ ní lẹ́tà?"

"Mo bi wọ́n, Bàbá. Wọ́n ní kò sí ohun tó yí padà lọ́dọ̀ àwọn, ẹ̀yin náà lẹ sì ní kí wọ́n má fi èyí tí kò yí padà ránṣẹ́." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá mú yín!"

Ọláṣẹ̀hìndé kò rẹ́rìn-ín. Ó rò ó pé kí òun parọ́ pé kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́, kó lè wá. Ojú tì í fún èrò yẹn. Lópin oṣù, ó mú dísíkẹ́ẹ̀tì, ó gba gáréèjì lọ.

Abdulrasaq nawọ́. "Ẹ mú un wá, Bàbá."

"Èmi fúnra mi ni mò ń lọ."

"Haà! Ẹ̀yin? Owó ọkọ̀ ńkọ́?"

"Wa mọ́tò rẹ, jàre."

Nígbà tí Àyìnkẹ́ ṣílẹ̀kùn, ó gbọ́wọ́ lé àyà. "Bàbá Dayọ̀! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Iṣẹ́ ni mo gbé wá."

Ó wò ó dáadáa kó tó kúnlẹ̀ kí i. Wọ́n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ọláṣẹ̀hìndé kò tíì mu omi tí wọ́n gbé fún un tán tí iṣẹ́ dída fáìlì kọ fi parí. Àwọn méjèèjì ń wo ojú ẹ̀rọ, kò sí nǹkan kan tó kù láti dúró dè.

"Ó tán," ni Àyìnkẹ́ wí. "Ẹ ó bá ọkọ̀ àárọ̀ lọ, àbí?"

"Mi ò lọ lọ́la."

"Ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù?"

"Mo tì í."

"Ẹ tì í? Títí di ìgbà wo?"

"Mi ò tíì ṣírò ìyẹn."

Àyìnkẹ́ bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó fẹsẹ̀ lásán wọ ilé ìdáná lọ, ó bu ìrẹsì kún èyí tó wà lórí iná.