Fèrèsé Róbótó Orí Ilẹ̀kùn Brenda Sugden

Ilé mẹ́tàlélógún ló wà ní títì Providence Row, òkúta dúdú kan náà ni wọ́n fi kọ́ gbogbo wọn, wọ́n sì so mọ́ra bí eyín. Ilé kẹsàn-án ni wọ́n bí Brenda Sugden sí. Nígbà tó lọ́kọ, ó kó ẹrù rẹ̀ sọdá sí ilé kẹrìnlá ní òdìkejì, ìrìn ogún ìṣísẹ̀, kò sì tún kó lọ ibòmíràn mọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi se oúnjẹ ọ̀sán ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú Harclough. Àwọn tó jẹ oúnjẹ rẹ̀ nígbà náà ti di bàbá àti ìyá ọmọ báyìí, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè ṣẹ́ kárọ́ọ̀tì kù sínú àwo lójú rẹ̀.

Providence Row wà lábẹ́ òfin ààbò ilé àtijọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ojú ilé tó kọ sí títì kì í ṣe ti onílé nìkan. Fèrèsé gbọ́dọ̀ jẹ́ igi, kì í ṣe ike. Òkúta pẹlẹbẹ ni kí wọ́n fi bo òrùlé. Àwo sátẹ́láìtì tẹlifíṣàn kò gbọdọ̀ kọjú sí títì. Ẹni tó bá fẹ́ dá ihò tuntun sí ara ògiri, kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ni yóò kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Brenda kò bá òfin náà jà. Nígbà tí fèrèsé ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹrà, ó san owó igi, tí í ṣe ìlọ́po mẹ́ta owó ike, kò sì ráhùn ju ọjọ́ méjì lọ. Ohun kan ṣoṣo ni òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe láìtọrọ àyè.

Ní ọdún 2009, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Edna, ìyá Brenda. Wọ́n gbé e wá sí yàrá kékeré tó wà lókè ẹnu ọ̀nà, yàrá tí kò ní fèrèsé rárá, nítorí pé àpótí ẹrù ni àwọn tó kọ́ ilé náà ní lọ́kàn, wọn kò ro ti ènìyàn. Edna, tó ti fi ọgọ́rin ọdún ṣọ́ àdúgbò náà, dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ní ọjọ́ kẹta ó ní, "Ẹ ti sin mí. Pípa lẹ gbàgbé láti pa mí."

Norman, ọkọ Brenda, awakọ̀ tó ń gbé bíà kiri àwọn ilé ọtí, lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wó ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ó fi páálí bíà méjì gba fèrèsé róbótó kan tó ṣeé ṣí, tó fẹ̀ tó ínṣì mẹ́rìnlélógún. Ọjọ́ Sátidé ló lu ògiri. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Edna ti rí títì. Láti ọjọ́ náà ni ohùn rẹ̀ ti ń bọ́ lé àwọn ènìyàn lórí láti òkè: "Ìwọ ọmọ yẹn, fa ṣòkòtò rẹ sókè!" "Àlejò wo lẹ ń kí tó báyẹn, ẹ ò níṣẹ́ ni?" Ó lo ọdún mẹ́rin sí i láyé, ó sì gbádùn gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí Edna kú, Brenda bẹ̀rẹ̀ sí í mu tíì àárọ̀ rẹ̀ nídìí fèrèsé náà. Nígbà tí Norman náà kú, ó gbé àga tó dára jù nínú ilé lọ síbẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Bí ó bá jókòó níbẹ̀, tó ń juwọ́ sí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́, ilé rẹ̀ kì í ṣófo.

Ọ̀gbẹ́ni Julian Penhallow, tó ń gbé ilé kejìlélógún, ti ṣe akọ̀wé Ẹgbẹ́ Aláàbò Ilé Àtijọ́ fún ogún ọdún. Ó mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ òkúta ojú ilé kọ̀ọ̀kan ní ọdún 1861. Kò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé nínú púpọ̀ nínú wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ẹgbẹ́ náà pinnu láti ka gbogbo fèrèsé àdúgbò sínú fọ́ọ̀mù. Bí akọ̀wé ṣe gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Ó fi ẹjọ́ sun kánsù, ní ọ̀sẹ̀ kejì sì ni lẹ́tà wọn dé ọ̀dọ̀ Brenda.

Lẹ́tà náà fún un ní ọ̀nà mẹ́ta. Kó fi ìwé àṣẹ hàn, èyí tí kò ní. Kó yọ fèrèsé náà, kó fi òkúta dí ihò rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Tàbí kó fi ẹ̀rí hàn pé fèrèsé náà ti wà níbẹ̀ ní gbangba fún ọdún mẹ́wàá gbáko. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fún un.

Glenys Armitage, aládùúgbò rẹ̀, wọlé láìkanlẹ̀kùn, bó ṣe máa ń ṣe, ó sì ka lẹ́tà náà láìtọrọ rẹ̀.

"Ọdún mẹ́wàá? Ìyá rẹ bú mi láti ojú fèrèsé yẹn lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ mi! Ó ní fìlà mi jọ adìẹ tí mọ́tò tẹ̀."

"Ṣé wàá lè kọ ìyẹn sílẹ̀ fún wọn?"

"Màá kọ ọ́, màá sì búra sí i. Àmọ́ mi ò ní kọ ti fìlà."

Ẹni tí kánsù rán wá ni Nasreen Aslam, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tó ń ṣe iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta fún owó oṣù ènìyàn kan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo òkè, ó wo Brenda, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyáàfin Sugden, ẹ̀yin lẹ fi dandan lé e pé kí n jẹ kábéèjì."

"Ṣé o jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́, mà."

"Ìyẹn ló jẹ́ kí ara rẹ le kánkán báyẹn. Wọlé, ọmọ mi."

Nasreen kò tàn án jẹ. Ìbúra Glenys wúlò, ó ní, àmọ́ ọ̀rẹ́ ni Glenys; àwòrán tó ní ọjọ́ lára ni yóò parí ọ̀rọ̀. Ó ti wo àwọn àwòrán títì tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò rí nǹkan kan. Òpó òkúta mẹ́ta ló wà lẹ́nu Providence Row, ọkọ̀ tó ń ya àwòrán náà kò lè wọ ibẹ̀.

Brenda kò ṣàníyàn. Norman fẹ́ràn àti máa ya àwòrán. Brenda àti Glenys kó gbogbo álíbọ́ọ̀mù wá sórí tábìlì, wọ́n ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ àwòrán ló wà tí wọ́n yà lẹ́nu ọ̀nà náà gan-an: Kérésìmesì, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tí yìnyín bo gbogbo títì. Àṣìṣe kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Norman kò ya orí ẹnikẹ́ni rí. Ibi àgbọ̀n ni gbogbo ayé parí sí lójú rẹ̀.

"Bàtà ta nìyí?" Glenys bi í.

"Ti Clifford, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ta ló tún ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sínú sáńdáàlì?"

Wọ́n wo ọ̀rìnlénígba àwòrán, wọn kò rí fèrèsé kankan. Brenda fẹ̀yìn ti àga. "Glenys, ọkùnrin yẹn lu ògiri ilé fún odidi ọjọ́ méjì, kò sì ronú láti gbé kámẹ́rà sókè ní ínṣì mẹ́ta." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Glenys náà bá a rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kánsù wà níwájú wọn, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló sì kù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Glenys sáré wọlé pẹ̀lú sálúbàtà inú ilé, ìwé pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí àpá róbótó wà láàárín rẹ̀.

"Fíríìjì mi ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, mílíìkì ti dà sílẹ̀, mi ò bìkítà! Wo èyí!"

Abẹ́ ẹsẹ̀ fíríìjì, níbi tó ti fi í gbé e dọ́gba, ló ti yọ ọ́. Ìwé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Aláàbò Ilé Àtijọ́ ni, ti ọdún 2013. Ní ọdún náà Brenda ló gba ife ẹ̀yẹ òdòdó ojú ilé. Ó rántí ife náà dáadáa, wọ́n gbà á padà lẹ́yìn ọdún kan. Kò rántí ìwé náà, nítorí pé Norman ti fi ẹ̀dà tiwọn dáná. Àwòrán ìgbà tí wọ́n ń fún un ní ife ló gba gbogbo ẹ̀yìn ìwé. Ẹni tó yà á ti fà sẹ́yìn dáadáa kí apẹ̀rẹ̀ òdòdó méjèèjì tí wọ́n so rọ̀ lè hàn. Brenda rèé lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń fún un ní ife rèé, Ọ̀gbẹ́ni Julian Penhallow, pẹ̀lú táì. Lókè orí àwọn méjèèjì ni fèrèsé róbótó náà wà, ó ṣí sílẹ̀, Edna sì yọjú níbẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó la ẹnu.

Brenda fi ìka kan kan ojú ìyá rẹ̀.

"Kí ló ń sọ?" Glenys béèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ó ń sọ fún Penhallow pé kó yé tẹ òdòdó."

Ní Ọjọ́bọ̀ Nasreen padà wá. Penhallow bá a wá, kò sẹ́ni tó pè é. Brenda fún àwọn méjèèjì àti Glenys ní tíì, ó sì gbé ìwé náà síwájú Penhallow kó tó gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà wọ awò ojú rẹ̀.

"Àwọn òdòdó ni mò ń wò nígbà náà," ó ní.

Nasreen gba ìwé náà, ó ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán sókè: "'Oṣù Keje, ọdún 2013. Ojú ilé tó bọ̀wọ̀ fún ìṣẹ̀ṣe àdúgbò wa pátápátá.' Ọ̀gbẹ́ni Penhallow, ta ló kọ èyí?"

Penhallow mu tíì. Lẹ́yìn náà ó ní òfin sọ pé ohun tí wọ́n bá fi pa mọ́ kò lè gba àǹfààní ọdún mẹ́wàá, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fèrèsé náà fara pamọ́.

"Pamọ́ kẹ̀?" Glenys ké. "Ìyá yìí ń bú ọ láti inú rẹ̀ lóṣooṣù fún ọdún mẹ́rin! Ta lo rò pé ó ń bá ọ wí, áńgẹ́lì?"

Brenda di etí ibi ìfọ-àwo mú kó má bàa fi ẹ̀rín ṣubú. Ó tún bu tíì fún Penhallow, ó sì gbé bisikíìtì tó dára síwájú rẹ̀. Ó dárí jì í lójú ẹsẹ̀, nítorí pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ìdí tí ẹlòmíràn fi gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ fi òkúta dí fèrèsé opó kan nítorí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti fi ife ẹ̀yẹ yìn kò tọrọ àforíjì ní ọjọ́ náà, kò sì tọrọ rẹ̀ títí di òní.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Nasreen fúnra rẹ̀ mú ìwé ẹ̀rí kánsù wá. Wọ́n gun òkè lọ mu tíì nídìí fèrèsé náà, àwọn mẹ́ta nínú yàrá tí kò gba ju ènìyàn méjì lọ, Glenys lórí ibùsùn.

"Ó ti bófin mu báyìí," Nasreen ní. "Àmọ́ ẹ gbọ́ o, mà. Ó ti di ara ojú ilé nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ dí i, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá gba àṣẹ lọ́dọ̀ wa."

Brenda wò ó láti rí i bóyá ó ń ṣeré. Kò ṣeré. Ẹ̀rín tó rín gba títì kan, àwọn méjì tó ń lọ nísàlẹ̀ sì dúró, wọ́n juwọ́ sí i.

"Brenda," Glenys ní, ó ń wo ògiri, "ilé tèmi náà ò ní fèrèsé lókè ẹnu ọ̀nà o."

"Ọdún mẹ́wàá ni wàá fi dúró kó tó bófin mu o! Wàá ti lé ní ọgọ́rin."

"Màá dúró. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?"

"Mi ò gbọ́ ìyẹn o," Nasreen ní, ó sì ti bisikíìtì rẹ̀ bọ inú tíì.